Alhaji Haruna Ìṣọ̀lá: Bàbá Àpàlà tí ohùn rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí àwọn òbí wa

Ta ni ó ń lọ síbi ìnáwó nílẹ̀ Yorùbá láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn tí kò tíì gbọ́ Sóyòyò, orin tí Alhaji Músílíù Haruna Ìṣọ̀lá kọ? Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń jó sí orin yìí ni kò mọ̀ pé orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́ tẹ̀ lé orúkọ tirẹ̀, àti pé bàbá náà ti gbayì káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kí wọ́n tó bí àwọn òbí wọn pàápàá. Rékọ́ọ̀dù bàbá yìí wà nínú ilé ọ̀pọ̀ nínú wa, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lókè àjà, eruku ti bò ó. Àwọn míì ti kó tiwọn dà sí ààtàn nígbà tí wọ́n ń tún yàrá ṣe lẹ́yìn tí bàbá àgbà papòdà. Kí ó tó di pé ẹ ó kó tiyín náà dànù, ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí ẹni tí Alhaji Haruna Ìṣọ̀lá jẹ́.

Ọdún 1919 ni wọ́n bí Haruna Ìṣọ̀lá Bello. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ilé Mùsùlùmí ni ó sì ti jáde. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ yẹ ẹ́ gan-an. Ẹni tó bá ka Àlùkùránì yóò rántí pé Ànábì Mûsá bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó fi Haruna arákùnrin òun kún òun lọ́wọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ já gaara lẹ́nu Haruna ju tòun lọ. Haruna ti Ìjẹ̀bú-Igbó náà, ẹnu ni Ọlọ́hun fi ṣe àánú rẹ̀.

Ìgbà tí ó ń dàgbà ni orin àpàlà náà ń dìde. Ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbà ni pé gbòǹgbò àpàlà wà nínú orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí Mùsùlùmí sí sààrì nínú oṣù Ramadan, gẹ́gẹ́ bí wéré tó padà bí fújì náà ṣe rí. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: ìlù gángan tó ń fọhùn, àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, àti agídígbo, àpótí onípákó tí wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mọ́ lójú, tí onílù yóò máa fi ìka ta. Gìtá kò sí níbẹ̀, fèrè òyìnbó kò sí níbẹ̀. Haruna kò sì jẹ́ kí wọ́n wọ inú ẹgbẹ́ tirẹ̀ títí ó fi kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà ayé rẹ̀ ni háílàìfù àti jùjú ń fi gìtá gba ìgboro.

Ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1947. Ní 1948, ó ṣe rékọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ fún ilé iṣẹ́ His Master's Voice, àwọn tó ń ya àwòrán ajá tó jókòó ti giramafóònù sára àwo wọn. Orin nípa Ọba Adéboyè, Orímolúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó, ni. Rékọ́ọ̀dù náà kò tà. Ẹ má gbàgbé irú àwo tó wà nígbà náà: àwo dúdú wúwo tó ń yí nígbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ojú rẹ̀ kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ, tó sì máa ń fọ́ bíi tánganran bó bá já bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Kí ni olórin tó mọ̀ ọ́n kì, tó mọ̀ ọ́n pa òwe, fẹ́ rí sọ ní ìṣẹ́jú 3? Kó tó wọ ọ̀rọ̀, àwo ti parí.

Ẹlòmíì ì bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́ mìíràn. Haruna kò padà. Ó ń lọ síbi ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwúyè, ilé ṣíṣí, láti ìlú dé ìlú, ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀, ṣáájú kí rékọ́ọ̀dù tó gbé e. Nígbà tó di 1955, lẹ́yìn tí Ọba Adéboyè ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú, Haruna tún orin Orímolúsì náà kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn èèyàn rà á. Olórin kan náà ni, ọba kan náà ni, ṣùgbọ́n nínú ọ̀fọ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ ní ìgbà kejì, wọ́n sì ti mọ ẹni tó ń kọ ọ́. Láti ìgbà náà ni kò ti sí ẹni tó lè dárúkọ àpàlà kó má dárúkọ Haruna.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń kọ àpàlà o. Ligali Mukaiba wà ní Ẹ̀pẹ́, Ràjí Owónikókó wà ní Ìbàdàn, nígbà tó sì yá, Àyìnlá Ọmọwúrà dìde ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú iná tirẹ̀. Àmọ́ ìwà pẹ̀lẹ́ orin Haruna yàtọ̀. Orí ìjókòó ló ti ń kọrin, àwọn onílù àti elégbè yí i ká, kò ní fò sókè, kò ní pariwo. Ohùn rẹ̀ tinrin, ó sì balẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúà, yóò fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú Àlùkùránì, yóò fi òwe Yorùbá gbè é lẹ́sẹ̀, gángan yóò sì tún un sọ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà míì, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, ó sì lè tó mẹ́wàá, lójú ìnáwó kan ṣoṣo.

Àárín ìlú Òṣogbo ni òkìkí yẹn ti yọrí jù. Ẹgbẹ́ Òròkí Social Club tó wà níbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ní 1971 ó sì gbé rékọ́ọ̀dù jáde tó fi orúkọ ẹgbẹ́ náà pè. Òròkí ni oríkì Òṣogbo, nítorí náà ẹni tó bá ra àwo náà, bí ẹni ra orúkọ ìlú ni. A máa ń gbọ́ pé àwo tó tà lé ní 5 mílíọ̀nù. Ta ló kà á tán? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dàgbà ní àwọn ọdún náà kò ní jiyàn pé kò sí àdúgbò tí orin náà kò dé. Àwo ńlá tí ojú rẹ̀ kan gbà tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ti dé nígbà náà, Haruna sì ti ní àyè láti mí, láti kí èèyàn kan tẹ̀ lé òmíràn, láti bẹ̀rẹ̀ òwe kó sì parí rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé fojú sí jù nìyí. Nínú àwọn rékọ́ọ̀dù yìí, orúkọ ni ó kún bọ́ọ̀lì. Haruna ń kí àwọn oníṣòwò, àwọn ìyálọ́jà, àwọn awakọ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àwọn lẹ́mọ́ọ̀mù. Ó mọ bàbá tó bí wọn, ó mọ oríkì ilé wọn, ó mọ ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn kan nínú wọn kò ní orúkọ nínú ìwé kankan, wọn kò yàwòrán tó kù sílẹ̀, ìyẹn sàréè wọn nìkan. Ó lè jẹ́ pé inú àwo tí ẹ fẹ́ sọnù ni ẹ̀yin ti lè gbọ́ orúkọ bàbá àgbà yín lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n. Iye owó tí wọ́n ná fún un lójú agbo náà kò sí mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ wà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn àlùfáà wa kò fi ohùn kan sọ̀rọ̀ lórí orin àti ìlù. Àwọn tó kọ̀ ọ́ ní ẹ̀rí tiwọn, àwọn tó gba ìwọ̀n kan náà ní tiwọn, èmi kọ́ ni mo máa parí ìjà yẹn. Nínú orin Haruna pàápàá, ìkìlọ̀ sí ọ̀tá wà tó le jù fún etí ẹlòmíì, yíyin èèyàn sì máa ń kọjá ààlà nígbà míì. Ẹ gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìgbà kan, kí ẹ mú èyí tó dára níbẹ̀.

Ohun tí mo rí bí ọgbọ́n tó ga jù tí ọkùnrin yìí ní, ọ̀rọ̀ owó ni. Ní àsìkò náà, ilé iṣẹ́ òyìnbó ló ni ẹ̀rọ, òun ló ń gba ohùn sílẹ̀, òun ló ń tẹ àwo, òun ló ń pín in fún ọjà. Téèpù ìpìlẹ̀ tí ohùn wà lórí rẹ̀ kì í bá olórin lọ sílé. Kọ́bọ̀ tó bá kàn án lórí àwo kọ̀ọ̀kan ni yóò máa retí, kò sì ní agbára láti mọ iye tí wọ́n tẹ̀. Ní 1969, Haruna àti I. K. Dáíró, gbajúgbajà olórin jùjú, para pọ̀ dá ilé iṣẹ́ rékọ́ọ̀dù tiwọn sílẹ̀, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní STAR. Wọ́n máa ń kà á sí ilé iṣẹ́ rékọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó jẹ́ ti àwọn olórin fúnra wọn. Ẹ wò ó dáadáa: Haruna, Mùsùlùmí, ará Ìjẹ̀bú, Dáíró, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ará Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀kan kò fọwọ́ kan gìtá, èkejì ń ta gìtá tó sì ń tẹ àkọ́díọ̀nù. Ẹ̀sìn wọn kò papọ̀, orin wọn kò papọ̀, síbẹ̀ wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé nítorí pé ìyà kan náà ló ń jẹ wọ́n.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ní 1979, ó tún lọ síwájú. Ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ńlá tó pè ní Phonodisk, ẹ̀rọ ibẹ̀ lè gba ipa ohùn 24 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjẹ̀bú-Igbó ló kọ́ ọ sí, kì í ṣe Èkó. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó wá bá a nílé. Wọ́n sì wá. Àwọn ọ̀dọ́ olórin tó ń ṣe orin dísíkò àti fọ́ńkì láti Èkó ń gba ọ̀nà igbó lọ síbẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rò ó: bàbá tí kò gba gìtá kan ṣoṣo láyè nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, òun ló kọ́lé fún àwọn onígìtá.

Ó rìnrìn àjò. Ó ṣeré ní Bìnì, ìyẹn Benin Republic, ó dé Ìlú Ọba, Swídìn, Faransé, Jámánì àti Ítálì, pẹ̀lú agbádá rẹ̀ àti agídígbo rẹ̀, ní àkókò tí olórin ìbílẹ̀ tó ń kọjá òkun kò pọ̀. Ìjọba Nàìjíríà fún un ní oyè M.O.N. Ní 1983, ó jáde láyé lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tàbí tó sún mọ́ ọn. Kí Ọlọ́hun forí jìn ín, kí Ó sì fẹ sàréè rẹ̀.

Ikú rẹ̀ bọ́ sí àkókò tí nǹkan fẹ́ yí. Kásẹ́ẹ̀tì ti gba ọjà, àwọn tó ń dà á kọ lọ́nà àìtọ́ sì ń jẹ èrè. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti 1986, ohun èlò tí wọ́n fi ń tẹ àwo di ọ̀wọ́n, ilé iṣẹ́ àwo sì ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fújì gba agbo. Àpàlà di orin àwọn àgbà, Haruna sì di orúkọ tí àwọn ọmọ ń gbọ́ nínú orúkọ ọmọ rẹ̀.

Òyìnbó ló kọ́kọ́ padà wá a. Ní 2001, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ IndigeDisc kó àwọn orin rẹ̀ àtijọ́ jọ sórí síídì, wọ́n pè é ní Apala Messenger. Ní 2020, Soul Jazz ní Lọ́ńdọ̀nù náà gbé àkójọ rékọ́ọ̀dù àpàlà ti 1967 sí 1970 jáde. Lọ́dọ̀ irú àwọn wọ̀nyí, àwo kan tó mọ́ tó níye lórí, wọ́n ń wá a kiri. Síbẹ̀, èyí tí wọ́n rí kó jọ kò tó nǹkan lára ohun tí bàbá náà kọ fún nǹkan bí ọdún 35, èyí tó kù wà nílé wa, ní Ìjẹ̀bú, Òṣogbo, Ìbàdàn, Ẹ̀pẹ́.

Bí ẹ bá rí i, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ tó le nù ún; omi díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ ló dára, kí omi má kan bébà tó wà láàárín. Ẹ gbé e nàró, ẹ má tò ó léra. Bí kò bá sí ẹ̀rọ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ, ẹ ṣáà ka ohun tó wà lára páálí rẹ̀ lẹ́yìn, níbi tí wọ́n to orúkọ àwọn tó kí sí.