Jotirao Phule àti Eré Tí Wọ́n Kọ̀

Ní 1827 ni wọ́n bí Jotirao Phule, ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, sínú ìran Mali, àwọn olùgbin òdòdó tí àwọn Brahmin kà sí ẹni ìsàlẹ̀. Ní 1848, òun àti Savitribai ìyàwó rẹ̀ dá ilé-ìwé ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Pune. Ní 1855 ó kọ eré Tritiya Ratna, ní Marathi ẹnu àwọn ará ìlú. Nínú rẹ̀, àlùfáà Brahmin kan fi ìràwọ̀ dẹ́rù ba àgbẹ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ aláboyún, títí wọ́n fi jẹ gbèsè torí ètùtù. Nígbẹ̀yìn, tọkọtaya náà pinnu láti lọ sí ilé-ìwé alẹ́. Ìgbìmọ̀ Dakshina, tó ń fún òǹkọ̀wé lẹ́bùn owó, kọ eré náà sílẹ̀. Phule kú ní 1890. Wọn kò tí ì tẹ̀ ẹ́ nígbà náà. Ohun tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò mọ̀wé, ẹlòmíràn ní í bá a ka àyànmọ́ rẹ̀.