Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson àti Ìyapa Ìjọ Breadfruit

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìyapa ìjọ ní Èkó, orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson kò lè ṣàì jẹyọ. Ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró ni. Ó kàwé ní Fourah Bay, ó sì dé Èkó ní 1874.

Kò fẹ́ kí a máa fi orúkọ Òyìnbó ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wa. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo àṣà ilẹ̀ wa ni ó gbà wọlé: ìkóbìnrinjọ kò lójú rere lọ́dọ̀ rẹ̀ rárá. Nígbà tí àwọn kan yà kúrò ní 1891, tí wọ́n dá ìjọ United Native African sílẹ̀, kò bá wọn lọ.

Ní 1900 a fi í jẹ igbákejì Bíṣọ́ọ̀bù. Ìgbà náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell mú un kúrò ní Breadfruit, ìjọ tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú. Inú ìjọ ru. Ní October 1901, ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde, wọ́n dá African Church sílẹ̀, wọ́n sì gba olóbìnrin púpọ̀ mọ́ra.

Ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ bínú jáde kò tẹ̀lé wọn. Ní tiwa, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ̀ wá lára jù, nítorí àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ ni ó kọ̀yìn sí. Odò Ọya ní ìhà ìsàlẹ̀ ni ó gbà lọ, ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1917, Bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà síbẹ̀.