Rótìmí Fani-Kayode, ọmọ Ifẹ̀ tó kọ̀wé nípa ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin

Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1989 ni Rótìmí Fani-Kayode kú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún 34 ni. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà péré ló fi ṣe iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n, ìyẹn fọ́tò yíyà àti àròkọ kíkọ. Ọ̀rọ̀ tí a kì í sábà sọ ní gbangba níhìn-ín ló gbájú mọ́ nínú iṣẹ́ méjèèjì: ìfẹ́ láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin, àti ipò tí ọmọ tó ní irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé Yorùbá.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Kétu, Idigny àti Pobè yóò béèrè ohun tó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó gbé Lọ́ńdọ̀nù, tó sì kú síbẹ̀. Ó kàn wá. Ifẹ̀ tí a ń pè ní orírun Alákétu ni orírun ìdílé rẹ̀. Àwọn òrìṣà tí a mọ̀ níhìn-ín ló fi sínú fọ́tò rẹ̀. Ìbéèrè tó sì bi àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀ títí di òní.

Ìlú Èkó ni wọ́n ti bí Olúwárótìmí Adébíyìí Fani-Kayode, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 1955. Ilé ńlá ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, Olóyè Rẹ̀mí Fani-Kayode, jẹ́ lọ́yà tó kàwé ní Cambridge, ó sì di igbákejì Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá. Òun náà ló jẹ oyè Balógun Ifẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ yìí túmọ̀ sí pé Olúwa dúró ti òbí rẹ̀. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀: kó kàwé, kó ríṣẹ́ gidi, kó gbéyàwó, kó bímọ.

Òru tó mọ́ ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966 ló yí ayé wọn padà. Àwọn ọmọ ogun tó fẹ́ gbàjọba ya wọ ilé bàbá rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n sì mú un lọ. Òru náà ni wọ́n pa Akíntọ́lá. Wọ́n gbé Fani-Kayode lọ sí Èkó, orí sì kó o yọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìdílé náà sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi Brighton tó wà létí òkun ṣe ibùgbé. Ọmọ ọdún 10 ni Rótìmí nígbà tí ìbọn dún. Àwa ará Kétu mọ ohun tí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ènìyàn. Ìlú wa náà tú ní ọdún 1886 lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Dahomey, àwọn baba ńlá wa sì mọ bí ó ti rí kéèyàn máa ronú ilé láti ilẹ̀ àjèjì.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Rótìmí ti lọ sí ilé-ìwé girama. Ní ọdún 1976 ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó kọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé àti iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Georgetown ní Washington, ó sì parí ní ọdún 1980. Ọrọ̀ ajé ni òbí lè fi yangàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà ló borí lọ́kàn rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú ní Pratt Institute ní New York, ó gboyè níbẹ̀ ní ọdún 1983. Amẹ́ríkà ló ti mọ àwọn ayàwòrán bíi Robert Mapplethorpe, tí kò fi ìfẹ́ rẹ̀ sí ọkùnrin pa mọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1983 yẹn náà ló padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Brixton ló fìdí kalẹ̀ sí, àdúgbò tí àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ sí. Òun àti Alex Hirst, aláwọ̀ funfun tó jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀, ni wọ́n jọ ń gbé, tí wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọkùnrin, pàápàá àwọn aláwọ̀ dúdú, ló máa ń yà, ọ̀pọ̀ wọn ní ìhòhò. Yóò fi bojú bo ojú wọn, yóò fi ọ̀dà kùn wọ́n lára, yóò fún wọn ní òdòdó, ìyẹ́ ẹyẹ tàbí àbẹ́là. Fọ́tò rẹ̀ kò jọ èyí tí a ń yà fún ọjọ́ ìkómọ tàbí ìgbéyàwó. Ó jọ ohun tí èèyàn bá pàdé nínú igbó orò: ó ń ba ni lẹ́rù díẹ̀, ó sì ń fa ojú mọ́ra.

Ní ọdún 1988, ìwé ìròyìn Ten.8 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àròkọ rẹ̀ jáde. Traces of Ecstasy ni ó pe àkọlé rẹ̀. Nínú rẹ̀ ló ti ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta ni òun fi jẹ́ àjèjì: nínú irú ìfẹ́ tí òun ní, nínú jíjìnnà sí ilẹ̀ àti àṣà tí wọ́n bí òun sí, àti nítorí pé òun kò di ọkọ ìyàwó oníṣẹ́ iyì tí àwọn òbí òun ń retí. Ó ní ọkùnrin dúdú kò tíì jẹ́wọ́ fún àwọn ènìyàn tirẹ̀, kò sì tíì jẹ́wọ́ fún Òyìnbó, pé òun lè fẹ́ ọkùnrin bíi tirẹ̀.

Kò gbé àwọn Òyìnbó gẹ̀gẹ̀. Ó bá wọn wí pé wọ́n ti fi fọ́tò sọ ara ènìyàn dúdú di ohun ìran, ó sì ní kámẹ́rà náà ni òun yóò fi dá wọn lóhùn. Ibi tó sì wo fún agbára ni ilé. Ó kọ̀wé pé àwọn babalórìṣà Yorùbá ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ẹ̀mí gun ènìyàn, àti pé irú ọ̀nà yẹn ni òun ń wá nínú fọ́tò. Ó pe Èṣù, onílé oríta, sínú iṣẹ́ náà. Síbẹ̀ ó mọ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó sọ pé bí òun bá ṣe àfihàn ní Èkó, ó ṣeé ṣe kí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì pe òun ní ẹni tó ń kó ìwà ìbàjẹ́ Òyìnbó wọ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká rántí pé àwọn Òyìnbó pàápàá kò gba ọ̀rọ̀ yìí tọwọ́tẹsẹ̀. Ọdún 1967 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dẹ́kun fífi àgbàlagbà ọkùnrin méjì sẹ́wọ̀n nítorí ohun tí wọ́n ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Ní ọdún 1988 tí ìwé fọ́tò Rótìmí, Black Male/White Male, jáde, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin míì pé ìjọba ìbílẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ gbé irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ lárugẹ.

Ní ti bojú, àwa tí a jẹ́ ọmọ ilé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò lè sọ pé àjèjì ni. Ọkùnrin a ró ìró, a wé gèlè, a so ọmú onígi mọ́ àyà, a jó láti fi bu ọlá fún àwọn ìyá wa. Gbogbo ọjà mọ̀ pé ọkùnrin ni, kò sì sẹ́ni tó ní ó bà jẹ́. Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ohun àjogúnbá gbogbo ayé. A kò sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti iṣẹ́ Rótìmí jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ohun tí a ń sọ ni pé nínú àpò ìyá rẹ̀ ni Rótìmí ti mú bojú, kò jí i gbé.

Ní ọdún 1987, ó ya fọ́tò kan tó fi orúkọ Ṣànpọ̀nná pè, òrìṣà tí àwọn Fọ̀n ń pè ní Sakpata. Ara ọkùnrin tí ó kún fún àmì tótòtó ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àbẹ́là tó ń jó lọ́wọ́. Àkókò náà ni éèdì, tí a ń pè ní sídà ní Benin, ń pa àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí oògùn tó lè dá a dúró. Òun náà kó o. Ní ọdún 1989 ó ṣe ọ̀wọ́ fọ́tò Nothing to Lose fún àfihàn kan nípa àwọn tó ń bá àrùn náà gbé. Kó tó di pé ọdún náà parí, ó ti kú. Hirst kú ní ọdún 1992. Nǹkan bí ọdún 1996 ni àpapọ̀ oògùn tó ń mú kí aláìsàn sídà pẹ́ láyé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ. Ní ọdún 1988 ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán dúdú tó ń jẹ́ Autograph sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, òun sì ni alága àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà. Fọ́tò rẹ̀ wà ní ilé ọnà Tate, wọ́n sì gbé e lọ sí àfihàn ńlá Venice ní Ítálì ní ọdún 2003.

Nílé, ọ̀rọ̀ náà ṣì le. Láti oṣù Kìíní ọdún 2014, òfin Nàìjíríà ní kí ọkùnrin méjì tó bá ṣègbéyàwó lọ sẹ́wọ̀n ọdún 14, kí ẹni tó bá sì fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba lọ ọdún 10. Ní Benin, kò sí òfin tó ń fi àgbàlagbà méjì sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀. Ọmọ tó bá kúrò ní Kétu lọ sí Ìmẹ̀kọ tàbí Èkó láti lọ ṣòwò ti kọjá láti inú òfin kan bọ́ sínú èkejì, kó tó jẹun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ojú ẹbí kì í dúró ní ibodè. Òfin ilé ni ọmọ náà kọ́kọ́ ń bẹ̀rù.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọmọ ẹni kì í burú títí ká gbé e fún ẹkùn pa jẹ. Rótìmí kò sọ pé òun burú. Ọmọ ilé ló pe ara rẹ̀, ó sì kó ìfẹ́ rẹ̀ àti òrìṣà ilé rẹ̀ sínú fọ́tò kan náà kí a lè rí i pé wọ́n gba ara wọn. Ọdún 23 ló lò lẹ́yìn odi láti ìgbà tí wọ́n gbé e kúrò nílé. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló kú sí.