Orlando Owoh: Káfíńtà Tó Di Onílù, Onílù Tó Di Ọ̀gá Olórin

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí èmi alukoro yín kọ ìtàn ìgbésí ayé èèyàn ńlá kan láti agbègbè wa sínú ìwé yìí, àwọn kan rò pé ọba tàbí olóṣèlú ni mo máa mú. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn ọba wa. Ní ti olóṣèlú, wọ́n ní àwọn tó ń bá wọn kọ tiwọn. Olórin ni mo mú, mo sì ní ìdí tí mo fi mú un. Ẹ máa rí i níwájú.

Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1932 ni wọ́n bí Stephen Ọládipúpọ̀ Ọláore Owómoyèlà sí ìlú Òṣogbo. Ọmọ Ìfọ́n ni bàbá rẹ̀, Jeremiah Ọláore. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ìyá rẹ̀, Christiana Mórẹ́nikẹ́. Ìfọ́n tí mò ń wí yìí, tiwa ni, èyí tó jẹ́ ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì í mú fún Ìfọ́n-Ọ̀rọ̀lù tó wà nítòsí Òṣogbo nítorí pé Òṣogbo ni wọ́n bí i sí. Bí ẹ bá dé Ìfọ́n, wọ́n á ní ọmọ àwọn ni. Bí ẹ bá dé Ọ̀wọ̀, wọ́n á ní ẹ gbọ́ orúkọ tó ń jẹ́ lórí àwo kẹ̀, ta ló tún kù tó ń ṣe àríyànjiyàn? Àwa ará Ìjàgbà ní àna, a ní ìyekan, a sì ní oníbàárà níhà méjèèjì, nítorí náà mi ò ní dá sí i.

Káfíńtà ni iṣẹ́ tó kọ́, iṣẹ́ yẹn ló sì ń ṣe títí ó fi di géńdé. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó bá ka ìwé yìí mọ ohun tí iṣẹ́ káfíńtà jẹ́ láyé ìgbà náà. Kò sí ilé tí wọn ò ti ní nílò rẹ̀: òrùlé, ilẹ̀kùn, fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì ìyàwó tuntun, bẹ́ǹṣì ilé ìwé, títí kan pósí. Ẹni tó ní ayùn àti ìfági tirẹ̀ kò lè sùn lébi, òbí ìyàwó kò sì ní béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé kí ló ń ṣe. Olórin ńkọ́? Alágbe ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ti náwó fún un níbi àríyá tán, wọ́n á padà sílé lọ sọ fún ọmọ wọn pé kò gbọdọ̀ fẹ́ irú rẹ̀.

Ní ọdún 1958, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 26, ó fi ayùn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá ló gbà á síṣẹ́ pé kó máa lu ìlù, kó sì máa kọrin.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó kù ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ilé ìwé ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá kó tó fi gbogbo ara ṣe eré. Òun náà ló wá gbé Lánke Ọ̀mù jáde ní Ìbàdàn ní ọdún 1963, eré tó mú orúkọ rẹ̀ kọjá òkun, ìyẹn ìwé Amos Tutùọlá nípa ọ̀mu ẹmu. Kì í ṣe ẹgbẹ́ tí wọ́n ń jókòó sí ojú kan. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé, láti ìlú dé ìlú, láti gbọ̀ngàn dé yàrá ìkàwé, wọ́n á ṣeré lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á tún di ẹrù. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, orin ló ń ṣí eré, orin ló ń pa á dé, ìlù sì ni òpó tó gbé orin ró.

Ẹni tó bá kọ́ ìlù nílé mọ bí wọ́n ṣe ń lu ìlù. Ìyẹn kò tíì tó láti fi jókòó sínú ẹgbẹ́. Ẹni tó ń lu ìlù fún òṣèré kò gbọdọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ òṣèré ló gbọ́dọ̀ máa wò. Bí òṣèré bá gbàgbé ọ̀rọ̀, onílù á rọra máa lù títí tí ọ̀rọ̀ á fi padà sí i lẹ́nu. Bí àwọn èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín, ìlù á dúró dè wọ́n. Bí ẹkún bá dé, ìlù á lọ sílẹ̀. Onílù tó bá fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ òun nìkan, wọ́n á dá a padà sílé kí ọjọ́ tó rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wọ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń san owó fún un níbẹ̀. Mi ò mọ ilé ìwé gíga tó lè kọ́ èèyàn bẹ́ẹ̀ láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò dúró lórí ìlù. Ó lọ kọ́ gìtá lọ́dọ̀ Fàtáì Rolling Dollar, ẹni tó fi ọdún márùn-ún jù ú lọ, tó sì ti dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́jọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1957. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn jùjú, ẹ rántí pé abẹ́ Fàtáì yìí kan náà ni Ebenezer Obey gbà kọjá. Ọ̀gá kan, ọmọ iṣẹ́ méjì irú wọn! Ó sì tún jẹ́ ìyanu pé Fàtáì wà láyé di ọdún 2013, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ.

Ní ọdún 1960 tí Nàìjíríà gba òmìnira, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀: Orlando Owoh àti Omimah Band. Ẹni ọdún 28 ni. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí àwa ará báńkì ṣe ń ṣírò: ọdún méjì péré ló wà láàárín ọjọ́ tó wọ ẹgbẹ́ Ògúnmọ́lá àti ọdún tó di olórí ẹgbẹ́. Bí ẹnì kan bá wá yá owó lọ́wọ́ mi lórí irú ìlọsíwájú bẹ́ẹ̀, màá ní kó lọ mú onídùúró wá.

Háíláìfù ló gba ìgboro nígbà náà. E.T. Mensah ti Gánà ti ń wá ṣeré nílẹ̀ wa láti àwọn ọdún 1950, Bobby Benson àti Victor Ọláìyá sì ti sọ Èkó di ilé fèrè. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ òun sí èèyàn gidi gbọ́dọ̀ ní kàkàkí òyìnbó àti sasofóònù, kí wọ́n sì wọ kóòtù. Ọ̀nà tí Orlando gbà yàtọ̀. Gìtá àti ìlù ló fi ṣe ìpìlẹ̀ tirẹ̀, ó da háíláìfù pọ̀ mọ́ jùjú, ó sì fi ohùn rẹ̀ lé e lórí. Ohùn yẹn! Kò dán, kò tẹ́jú, ó ń ha bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́ pákó gbígbẹ. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lórí rédíò, ẹ ò ní béèrè mọ́ pé ta ni. Olúwa Ló Rán Mi wà lára àwọn orin tó kọ́kọ́ mú orúkọ rẹ̀ kálẹ̀.

Nígbà tí ogun abẹ́lé dé láàárín ọdún 1967 sí 1970, ọ̀pọ̀ olórin háíláìfù tó wá láti ìlà oòrùn ti kúrò ní Èkó, jùjú sì gba àríyá mọ́ háíláìfù lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tú ká. Tirẹ̀ kò tú. Ó pààrọ̀ orúkọ ẹgbẹ́, ó di Young Kenneries, ó tún di African Kenneries International, ṣùgbọ́n orin rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń kọ. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Àwọn tó dàgbà jù wá lọ mọ Yellow Sisi àti Ìyàwó Olele. Àwo Ganja ló sọ ọ́ di Dr. Ganja lẹ́nu àwọn èèyàn, orúkọ tí bàbá mi kò fẹ́ kí a máa pè nínú ilé, bẹ́ẹ̀ òun náà kì í pa rédíò bí orin náà bá ń lọ. Kódà ní àwọn ọdún 1990, ilé iṣẹ́ àwo kan ní Amẹ́ríkà ṣa orin rẹ̀ jọ sórí CD kan, orúkọ yẹn ni wọ́n sì fi sí ara rẹ̀.

Ẹ jókòó lọ́jọ́ kan kí ẹ gbé orin rẹ̀ sí etí, kí ẹ pa ọkàn yín mọ́ kúrò lára gìtá àti ohùn. Ẹ máa gbọ́ pé ìlù kò sáré, kò sì súnra kì. Orin lè gba gbogbo ojú kan àwo, síbẹ̀ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Agogo ń sọ tirẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń sọ tirẹ̀, kọ́ńgà ń dá wọn lóhùn, kò sí èyí tó tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Ẹni tó ti jókòó sídìí ìlù rí ló lè tò ó bẹ́ẹ̀. Àwa tá a mọ ọdún Igogo ní Ọ̀wọ̀ kò yẹ kí ìyẹn ṣàjèjì sí. Fún ọjọ́ 17 nítorí Ọrọnṣẹn, ìlù kò gbọdọ̀ dún níbẹ̀, agogo nìkan ni wọ́n ń lù, ara sì ń jó o. Etí tó bá ti mọ bí agogo nìkan ṣe ń gbé ijó ró mọ ìwọ̀n ìlù nígbà tí ìlù bá padà dé.

Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, kò sì lè ṣeré bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 2008 ló dákẹ́ ní Èkó, lẹ́ni ọdún 76.

Ó ku ìdí tí mo fi mú un. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mo ń lọ kọ́ ìlù lọ́dọ̀ bàbá kan ní Ìjàgbà níbí, ní ọ̀sán Sátidé. Bàbá mi mọ̀, kò bá mi wí, títí di ọjọ́ tí mo ní mo fẹ́ tẹ̀ lé ẹgbẹ́ olórin kan lọ sí ìnáwó ní Ìkàrẹ́. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀kọ́ parí. Mi ò bínú sí i. Ìwé tó ní kí n kà ló gbé mi dé ìdí káńtà báńkì, káńtà yẹn ló sì ń bọ́ mi títí dòní. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ka owó, ìka mi ṣì máa ń lu tábìlì, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á sì máa wò mí.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin tó ti ń lu kọ́ńgà ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ olórin kan ti pe òun pé kí òun wá máa bá wọn ṣeré, pé wọ́n á máa san owó. Ó ṣì wà ní ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ fún mi ti dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo ní kó parí ìdánwò rẹ̀, kó máa bá wọn lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, kó sì máa mú ìwé owó tí wọ́n san fún un wá kí n rí i. Ìyá rẹ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹgbẹ́ yẹn ni ìgbìmọ̀ gbà fún àríyá alẹ́ òní. Kí ẹ tó sọ pé alukoro ló ṣe ojúsàájú, akọ̀wé wa ló lọ bá wọn dúnàádúrà, ó sì ti já owó wọn wálẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ orin Orlando Owoh méjì fún wa lẹ́yìn oúnjẹ. Ọmọ tó wà nídìí kọ́ńgà lápá òsì, tó wọ fìlà pupa, tèmi ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lẹ owó mọ́ ọn lórí kí orin àkọ́kọ́ tó parí. Ó ní ó ń da ọwọ́ òun rú.