ISAAC FÁDÓYÈBỌ̀, ARÁ EMÙRÉ-ILÉ TÍ OGUN BỌ́MÀ KÒ PA

Bí ènìyàn bá dárúkọ ogun ní Òrè tàbí ní Odigbó, ogun kan ṣoṣo ni ó ń wá sí ọkàn àwọn ará ibẹ̀. Ogun ọdún 1967 ni, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra la odò Ọya kọjá ní oṣù kẹjọ, tí wọ́n gba Bìní, tí wọ́n sì dorí kọ ọ̀nà Èkó, kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn dúró ní Òrè. Ìtàn yìí ni a fi tọ́ èmi dàgbà. Títí mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, n kò mọ̀ pé ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí kan náà, ọmọ Emùré-Ilé kan, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ti lọ sí ogun tí ó jìnnà ju ti Òrè lọ, pé ó padà bọ̀, àti pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Isaac Fádóyèbọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ó ti papò dà.

Àwa ọmọ Yorùbá mọ bí a ṣe ń ki jagunjagun. Bí ọ̀rọ̀ bá kan Ògèdèǹgbé Agbógungbórò tàbí Baṣọ̀run Ògúnmọ́lá, ìlú tí wọ́n kó àti ọ̀tá tí wọ́n ṣẹ́gun ni à ń kà. Bàbá Fádóyèbọ̀ kò ní irú oríkì bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fún un ṣe lójú ogun, òun fúnra rẹ̀ ló sì padà wá di ẹni tí à ń tọ́jú. Gbèsè tí ó jẹ ni ó mú mi mú kálàmù. Àwọn àgbẹ̀ tálákà kan ní ilẹ̀ òkèèrè ni ó jẹ ní gbèsè ẹ̀mí rẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi di arúgbó.

Ọdún 1925 ni a bí i. Ọmọ ìjọ ni, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni ó sì ti mọ̀wé. Ní oṣù kìíní ọdún 1942, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, ó lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti ṣe ṣójà Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá. Ẹ rántí pé ní ayé ìgbà náà, ọmọ tí apá òbí kò ká ni àwọn ènìyàn kà sí ọmọ tí yóò lọ ṣe ṣójà. Ọmọ tí ó bá mọ̀wé díẹ̀, iṣẹ́ tíṣà tàbí iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n ń fẹ́ fún un. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìwé tí ó kọ ni pé kò purọ́ pé ìfẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì tàbí ìkórìíra Hítílà ni ó gbé òun jáde nílé. Ìwà èwe ni ó pè é, ó sì fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ogun Hítílà ni àwọn àgbà wa ń pe ogun náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ará Jámánì ni a kó Fádóyèbọ̀ lọ bá jà. Àwọn ọmọ ogun Japan ti gba Bọ́mà mọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1942, wọ́n sì ti dé ẹnu ibodè Íńdíà. Gẹ̀ẹ́sì wá ń kó ènìyàn ní Nàìjíríà, ní Gold Coast, ní Sàró àti ní Gáḿbíà. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó lọ sí Éṣíà nítorí ogun yìí, àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1943 ni wọ́n dá ọ̀wọ́ ogun tí a ń pè ní 81 sílẹ̀. Aláǹtakùn dúdú ni àmì tí a fi ń dá wọn mọ̀. Wọ́n kọ́ Fádóyèbọ̀ ní ìtọ́jú ọgbẹ́, wọ́n rán an lọ sí Sàró láti dara pọ̀ mọ́ ilé ìwòsàn ojú ogun kan, láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi sì ti gbé wọn lọ sí Íńdíà.

Ẹkùn Arakan ní Bọ́mà ni wọ́n wọ̀, wọ́n ń bá àfonífojì odò Kaladan lọ. Òkè lórí òkè ni, igbó kìjikìji ni, mọ́tò kò sì lè gba ibẹ̀ já. Orí ni àwọn ènìyàn wa fi ru ọta àti ẹrù. Oúnjẹ ń já bọ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gba Mọ́kọ́lá kọjá ní Ìbàdàn, ẹ ti rí orúkọ Letmauk lára bárékè àwọn ṣójà níbẹ̀. Arakan sì wà ní Àpápá. Orúkọ ibi tí wọ́n ti jà ní Bọ́mà ni méjèèjì. Ó pẹ́ tí mo ti ń rò pé orúkọ òyìnbó kan ni Letmauk.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1944, Fádóyèbọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà létí odò náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọparun tí a dì pọ̀ ṣe ọkọ̀ bá odò lọ. Àwọn ọmọ ogun Japan ti ba dè wọ́n nínú igbó. Ìbọn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọta bà á ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fọ́ egungun rẹ̀. Òmíràn bà á ní ikùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Japan dé ibi tí ó dùbúlẹ̀ sí, wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé kò lè dìde, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ikú fúnra rẹ̀ wá mú un. Àwọn mélòó kan tí wọ́n jọ fara gbọgbẹ́ ń kú tẹ̀ léra wọn. Ó wá ku òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, tí òun náà ní ọgbẹ́ ìbọn lára.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú ọgbẹ́ ni ó wá nà sílẹ̀ yìí láìsí òògùn, láìsí báńdéèjì. Kò lè rìn. Ibẹ̀ ni àwọn ará abúlé ti rí wọn. Wọ́n ń gbé ìrẹsì wá fún wọn nínú igbó, wọ́n fi ewé kọ́ àtíbàbà lé wọn lórí. Ẹ má gbàgbé pé bí ọmọ ogun Japan bá gbọ́, orí ni olóore yóò fi dí i. Àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Shuyiman ni ó ṣe ju gbogbo wọn lọ: nígbà tí ó yá, ó kó àwọn méjèèjì wọ inú ilé ara rẹ̀, láàrin ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀ gbà, àsìkò òjò ńlá ilẹ̀ náà sì wà nínú rẹ̀.

Mùsùlùmí ni àwọn ará abúlé yìí. Àwọn àlejò méjì náà gbà láti máa jẹ́ orúkọ mùsùlùmí: David di Dauda, Isaac di Suleman. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú àwa ọmọ ìjọ yóò yọwọ́ nínú èyí. Èmi kò rí ohun tí a lè fi bá a wí. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ ìyá kan ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, èkejì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a sì jọ ń jẹ iyán ọdún. Ọlọ́run ni Fádóyèbọ̀ ń ké pè nínú ìnira rẹ̀, Ọlọ́run yìí náà ni Shuyiman ń bẹ̀rù tí kò fi lè fi àlejò tí ń kú lọ sílẹ̀.

Rohingya ni a ń pe ẹ̀yà àwọn ènìyàn yìí lónìí. Òfin ọdún 1982 ní Bọ́mà kò kà wọ́n mọ́ ọmọ onílẹ̀. Ní 2017, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà dáná sun abúlé wọn, ènìyàn tí ó lé ní 700,000 sì sá lọ sí Bangladesh. Nígbà tí ìròyìn yẹn ń jáde, kò dájú pé púpọ̀ nínú àwa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ̀ pé a jẹ wọ́n ní nǹkan.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1944 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì padà dé àgbègbè náà, àwọn ṣójà Gurkha sì kó wọn jáde. Ojú kan náà ni Shuyiman wà tí wọ́n fi lọ. Ní 1945, Fádóyèbọ̀ ti padà sí Nàìjíríà. Ẹsẹ̀ náà kò padà bọ̀ sípò. Títí ayé rẹ̀ ni ó ń tiro. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó gbéyàwó, ó bímọ, ó fẹ̀yìn tì.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìlú ń gbàgbé irú wọn. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ni a ti ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ogun Biafra ni ìjọba gbé e sí ọjọ́ 15 oṣù kìíní, nítorí ọjọ́ yẹn ni ogun náà parí ní 1970. Ogun tí ó kan àwa ará Òrè ló wá gba ọjọ́ mọ́ àwọn ará Bọ́mà lọ́wọ́. N kò sọ pé kò yẹ. Ṣùgbọ́n òun ni ó fà á tí ọmọdé fi ń rí òdòdó pupa lára aṣọ lọ́dọọdún tí kò sì mọ ibi tí Bọ́mà wà.

Bàbá Fádóyèbọ̀ kò dúró de ìjọba. Ó jókòó, ó kọ ìtàn rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Oníròyìn òyìnbó kan, Barnaby Phillips, ka ìtàn náà, ó wá a rí ní Nàìjíríà ní 2011, ó sì sọ fún un pé òun fẹ́ lọ sí Bọ́mà. Arúgbó tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí ìdílé Shuyiman, ó fi rán an. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ti kọjá. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n Phillips bá àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì rántí àwọn ènìyàn dúdú méjì tí bàbá wọn fi pamọ́. Wọ́n ka lẹ́tà náà sí wọn létí, Phillips sì mú ìròyìn wọn padà wá fún Bàbá.

Ní 2012, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Arakan, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ Rohingya kúrò nílé wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà ni Isaac Fádóyèbọ̀ jáde láyé. Ìwé tí Phillips kọ nípa rẹ̀ jáde ní 2014. Kò rí i kà, ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, ó ti mọ̀ pé lẹ́tà òun dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Shuyiman.