Dókítà Bernhard Zondek àti Ìtọ̀ Ẹṣin

Ní ọdún 1891 ni a bí Bernhard Zondek ní Wronke, ìlú tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, tí ó sì wà ní ilẹ̀ Poland lónìí. Ìṣègùn àwọn obìnrin ni ó kọ́. Ní Berlin, kí ọdún 1930 tó dé, òun àti Selmar Aschheim ń fún èkúté kéékèèké ní abẹ́rẹ́ ìtọ̀ obìnrin, wọ́n sì ń fi èyí mọ aboyún. Níbi tí ẹlòmíràn ìbá ti di imú, ní 1930 ó rí i pé ìtọ̀ abo ẹṣin tí ó lóyún kún fún họ́mọ̀nù abo, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ń rán ara níṣẹ́.

Ọmọ Júù ni. Nígbà tí Hitler gba ìjọba ní 1933, wọ́n lé e kúrò ní ilé ìwòsàn Spandau, níbi tí ó ti jẹ́ olórí ẹ̀ka. Ó gba Stockholm dé Jerúsálẹ́mù ní 1934. Àlejò ni ní ilẹ̀ onílẹ̀, síbẹ̀ ní ọdún náà gan-an ni ó kéde ohun ìyanu kan: ìtọ̀ akọ ẹṣin pàápàá kún fún họ́mọ̀nù abo, láti inú kórópọ̀n rẹ̀. Ta ni ìbá rò bẹ́ẹ̀?

Ọmọ inú kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kórópọ̀n tàbí àpò ẹyin ọmọ ẹṣin a máa wú nínú oyún títí yóò fi tóbi ju àpò ẹyin ìyá rẹ̀ lọ. Ohun tí ó ń tú jáde ni ibi-ọmọ ń sọ di họ́mọ̀nù abo. Ní 1979, Pashen àti Allen fi hàn pé bí a bá yọ ọ́ kúrò lára ọmọ inú, kíá ni họ́mọ̀nù náà yóò wálẹ̀ lára ìyá. Zondek kò rí ọjọ́ náà. Ó ti kú ní New York ní 1966.