William Stanley Jevons

William Stanley Jevons (1 Oṣù Kẹsàn-án 1835 – 13 Oṣù Kẹjọ 1882) jẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé àti onímọ̀ ọgbọ́n ìrònú, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ní kíkún pé bí ẹ̀rọ bá ń fi èédú tí kò tó ti tẹ́lẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan náà, àpapọ̀ èédú tí ìlú ń jó lè pọ̀ sí i dípò kí ó dínkù. Àlàyé yìí ni a mọ̀ sí àdììtú Jevons.

Ìgbà èwe

Ìlú Liverpool ni wọ́n bí i sí, òun sì ni ọmọ kẹsàn-án nínú mọ́kànlá. Oníṣòwò irin ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ William Roscoe, aṣòfin Liverpool tí ó dìbò ní 1807 láti fòpin sí òwò ẹrú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òwò yẹn ni ó sọ ìlú náà di ọlọ́rọ̀. Ìyá náà kú ní 1845. Ní 1848 òwò ìdílé wọn wó. Ní 1854 Jevons fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní University College, Lọ́ńdọ̀nù, ó lọ di olùyẹ̀wò wúrà níbi tí wọ́n ti ń rọ owó ní Sydney, ní Ọsirélíà. Ọdún márùn-ún ni ó lò níbẹ̀ kí ó tó padà wá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ìwé lórí èédú

Ó ń kọ́ni ní Owens College, Manchester, nígbà tí ó gbé ìwé The Coal Question jáde ní 1865. Èédú tí wọ́n ń wà lábẹ́ ilẹ̀ ni ó ń gbé ilé iṣẹ́ àti ọkọ̀ ojú irin ró nígbà náà. Àwọn kan ní kò séwu, pé ẹ̀rọ tuntun kò jẹ èédú púpọ̀ mọ́. Jevons ní òdìkejì rẹ̀ ni ìtàn fi hàn. Ẹ̀rọ James Watt kò jẹ èédú tó ti Newcomen tó ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé owó tó ń ná ni kò pọ̀ ni ó fi tàn dé ibi tí wọn kò ti lè lo irú rẹ̀ rí. Àpẹẹrẹ Scotland ni ó lágbára jù. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sínú iná ìléru ìyọ́rin, èédú tí tọ́ọ̀nù irin kan ń gbà kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, láàárín 1830 sí 1863, àpapọ̀ èédú tí iṣẹ́ náà ń jó níbẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Irin ti dínwó, ọjà rẹ̀ sì gbòòrò.

John Stuart Mill gbé ọ̀rọ̀ ìwé náà dé ilé aṣòfin ní 1866, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ lórí èédú. Kì í ṣe gbogbo ohun tí Jevons bẹ̀rù ni ó ṣẹlẹ̀, nítorí ó fojú kéré epo rọ̀bì. Ìbẹ̀rù àìtó wọ ilé rẹ̀ pàápàá: bébà tí ó rà jọ pọ̀ débi pé, gẹ́gẹ́ bí J. M. Keynes ti ròyìn, àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì lò ó tán ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àríyànjiyàn

Láti nǹkan bí 1980 ni àwọn onímọ̀ bíi Daniel Khazzoom àti Leonard Brookes ti jí ọ̀rọ̀ náà dìde. Ìwádìí nípa ilé àti ọkọ̀ ní àwọn ilẹ̀ olówó sábà máa ń fi hàn pé apá kan ohun tí a ṣẹ́ kù ni ìlò tuntun ń gbà padà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ibi tí iná kò tíì tó lò yàtọ̀. Ní Ìpájà àti ìyókù Alímọ̀ṣọ́, gílóòbù LED oníwáàtì 9 ń ṣe iṣẹ́ tí gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 ń ṣe. Ẹni tí ó pààrọ̀ gílóòbù márùn-ún lè rí àyè fún fíríìjì lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀. Epo tí ó ń jó lè má dínkù rárá, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a pè é ní ìfiṣòfò. Ní Oṣù Kẹrin 2024 ẹ̀wẹ̀, owó iná àwọn oníbàárà Band A fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan. Ọ̀ràn tí Jevons ṣàlàyé kọ́ nìyí, nítorí orí kí iṣẹ́ dínwó ni àlàyé rẹ̀ dúró lé; gílóòbù tuntun lábẹ́ owó iná tó ga lè dín ìlò kù ní tòótọ́. Àwọn tí ń fi orúkọ rẹ̀ sọ pé asán ni ṣíṣọ́ iná lò ti kọjá ohun tí ó kọ.

Iṣẹ́ ìyókù àti ikú

Ní 1867 ó fẹ́ Harriet Ann Taylor, ọmọ ẹni tí ó dá ìwé ìròyìn Manchester Guardian sílẹ̀. Ní 1870 ó fi ẹ̀rọ kan han Royal Society, tí ó ní bọ́tìnnì bíi ti dùùrù, tí ó sì ń yanjú ìṣòro ọgbọ́n ìrònú. Ìwé The Theory of Political Economy (1871) ni ó fi lókìkí jù láàárín àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé: ife omi kìíní níye lójú ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ju ìkẹwàá lọ. Ó tún fẹ́ fi àmì dúdú ojú oòrùn ṣàlàyé ìdí tí òwò fi ń dẹnu kọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n èyí kò rẹ́ni gbà á.

Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní University College ní 1876, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1880. Ó kú sómi níbi tí ó ti ń wẹ̀ nínú òkun lẹ́bàá Hastings, ní ẹni ọdún 46. Ìyàwó rẹ̀ tẹ àwọn lẹ́tà àti ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1886.